Ta ni Pablo Sanchez? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí géèmù Backyard Sports

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, ńṣe ni mo kàn dárúkọ Backyard Baseball, géèmù orí kọ̀ǹpútà nípa bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá, tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìdílé Backyard Sports, níbi tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lórí géèmù àwọn ọmọdé. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú yín tó báyìí. Lẹ́tà ti Houston wá, ó ti Maryland wá, ó ti Chicago wá, ó ti Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wá. Inú mi dùn jọjọ, torí kò sí géèmù ọmọdé mìíràn tí mo fẹ́ràn tó o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé ní Houston, Backyard Baseball ló sì wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Nítorí náà, gbogbo ojú ewé oṣù yìí, tiyín ni.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní kí n ra géèmù kan tó ń jẹ́ Backyard Baseball fún òun. Ó ní ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pablo Sanchez, pé kò sẹ́ni tó lè nà án. Mo bi bàbá rẹ̀, ńṣe ni bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà gbá a nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní ìlú yìí. Kí ni géèmù yìí gan-an? Ṣé kò ní ba ọmọ mi jẹ́?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Houston

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ rà á fún un. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí èébú. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń lọ, nítorí náà ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa lè gbá a láìní àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní 1992, Shelley Day àti Ron Gilbert, tí wọ́n jọ ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ géèmù George Lucas, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, nítòsí Seattle. Humongous Entertainment ni wọ́n pè é. Ọdún yẹn náà ni Putt-Putt jáde, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ elésèé àlùkò tó ń sọ̀rọ̀. Freddi Fish tẹ̀lé e ní 1994, Pajama Sam dé ní 1996. Ìtàn ni gbogbo wọn: ọmọ á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, á máa wá ohun tó sọnù kiri, ẹja tàbí igi á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó wá di oṣù kẹwàá ọdún 1997, Backyard Baseball jáde.

Ẹ rántí bí géèmù eré ìdárayá ṣe rí nígbà yẹn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń bára wọn du bí tiwọn ṣe máa jọ tẹlifíṣọ̀n: pápá ìṣeré ńlá, iná gbòò, àwọn ọkùnrin abiṣan tó ń gba owó ńlá. Humongous gba ibòmíràn lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n kó jọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣeré, tàbí inú pópó tóóró tí agolo kún, èyí tí wọ́n ń pè ní Tin Can Alley, tàbí etí òkun ní Sandy Flats, tàbí orí sìmẹ́ńtì gbalaja ní Cement Gardens. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sunny Day ló ń ròyìn eré náà bó ṣe ń lọ, Vinnie the Gooch sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dá àpárá.

Ọmọ 30 ló wà níbẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ fẹ́ bá gbá á máa yan èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ yan tiyín, òun náà yan tirẹ̀, títí ẹgbẹ́ yóò fi pé. Ẹni tó bá ti gbá mọ́ńkì póòsì ní Mushin tàbí ní Òkè-Àdó rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà tí kápúténì méjì bá ń yan ọmọ, gbogbo ojú á máa wo ilẹ̀, kálukú á máa gbàdúrà kí wọ́n má fi òun kẹ́yìn. Inú ìgbà yẹn gan-an ni géèmù yìí ń gbé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ tó ń sọ bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá sí, bó ṣe ń sáré sí, bó ṣe ń jù ú sí, àti bó ṣe ń mú un sí. Ẹni tó yára lè má lágbára lọ́wọ́. Pete Wheeler ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, àmọ́ kì í tètè mọ ohun tó ń lọ. Achmed Khan kì í yọ ohun ìgborin kúrò létí, síbẹ̀ tó bá gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà á fò lọ. Luanne Lui kéré gan-an, ó sì ń gbé béárì ìṣeré rẹ̀ lọ síbi gbogbo.

Pablo Sanchez wá ńkọ́? Ó kúrú, ikùn rẹ̀ yọ síta díẹ̀, èdè Spanish nìkan ló ń sọ. Ọmọ tí kò bá mọ géèmù náà yóò wo gbogbo ojú, yóò fò ó kọjá, yóò lọ mú ẹni gíga. Àṣìmú ni. Pablo ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, ó wà lára àwọn tó yára jù, nǹkan bíi mélòó kan ni kò mọ̀. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nínú géèmù náà ni ohun ìjà ìkọ̀kọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn. Níbi iṣẹ́ mi, ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọmọ yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá mú Pablo lónìí kò gbọdọ̀ mú un lọ́la. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, àwọn ọmọ ló kọ ọ́ fúnra wọn.

Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ jókòó gbá a. Àwọn méjì lè bára wọn figagbága lórí kọ̀ǹpútà kan náà.

*

Alàgbà, mo ní ìbéèrè kékeré. Ṣé ọmọ gidi kan wà tó ń jẹ́ Pablo Sanchez tí wọ́n wò yà á?
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

Kò sí. Inú orí àwọn tó ṣe géèmù náà ló ti wá, òun àti àwọn ọmọ 29 yòókù. Ohun tó jẹ́ kó yà mí lẹ́nu nìyẹn, pé àwọn tó gbá a lọ́mọdé ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, síbẹ̀ tí ẹ bá dárúkọ Pablo fún wọn, wọn á dáhùn bí ẹni tí ẹ bi léèrè ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fún wa ní kọ̀ǹpútà àlòkù, mo sì ń wá géèmù tó mọ́ fún àwọn ọmọ. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wa, èmi náà wà níbẹ̀, tó mọ baseball. Ṣé ó lè wúlò fún wa?
Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ìbàdàn

Olùkọ́ wa, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà. Géèmù yìí ló kọ́ mi, àwọn ọmọ kéékèèké ni olùkọ́ mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣeré, èèyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ kan á tú ká sórí pápá, ẹgbẹ́ kejì á máa wá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ tó wà lórí pápá á ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó di igi mú á gbìyànjú láti gbá a. Tó bá gbá a lọ síbi tó dára, á ju igi sílẹ̀, á sáré lọ sí béèsì àkọ́kọ́. Béèsì mẹ́rin ló wà, tí wọ́n tò bíi igun mẹ́rin. Ẹni tó bá yí gbogbo wọn po tó padà dé ibi tó ti gbéra ti gba máàkì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i tó dáa lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i gbá, ó ti jáde. Tí wọ́n bá hán an kó tó balẹ̀, ó ti jáde. Tí ẹni mẹ́ta bá ti jáde, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìyókù á máa yé wọn bí wọ́n ṣe ń gbá a.

Inú géèmù náà, ẹ ó rí ibi ìdánrawò, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ẹ má kánjú mú wọn lọ sínú ìdíje. Ohun tó máa mú orí wọn wú ni agbára àrà tí ẹgbẹ́ máa ń rí gbà tó bá ṣe dáadáa. Bọ́ọ̀lù kan wà tí iná ń jó lára rẹ̀. Òmíràn á máa rákòrò, á lọ sókè sódò bí ẹni pé ó fẹ́ gbàgbé ọ̀nà. Mo rí ọmọ tó fò sókè lórí àga nígbà àkọ́kọ́ tó rí i gbà.

Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ ohun tí ara wọn ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá Backyard Soccer, tó jáde ní 1998, ọdún kan péré lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Àwọn ọmọ kan náà ló wà níbẹ̀, Pablo ṣì ń rin gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn baseball ju òun lọ, torí pé nínú baseball ẹ ó máa dúró wo ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Sunny Day á máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá yára kọjá ìyẹn. Fún àwọn ọmọ Ìbàdàn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o.

*

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, fẹ́ràn eré ìdárayá gan-an, ṣùgbọ́n orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń wà láti kékeré. Gbogbo géèmù tí mo ti rà fún un, ọkùnrin abẹ́sẹ̀ méjì ló kún inú wọn. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Dádì, èwo ni èmi níbẹ̀?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ ní ọmọ púpọ̀ wà nínú géèmù tí ẹ dárúkọ. Ṣé ọmọ bíi tirẹ̀ wà níbẹ̀?
Bàbá rẹ̀, Maryland

Bàbá, ó wà níbẹ̀. Kenny Kawaguchi ni orúkọ rẹ̀.

Kenny wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ láti géèmù àkọ́kọ́, láti 1997, kì í ṣe pé wọ́n fi í kún un lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti ké. Ó máa ń ju bọ́ọ̀lù, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń yí béèsì po lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kápúténì tó bá mọ ohun tó ń ṣe á yan Kenny torí ohun tó lè ṣe fún ẹgbẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vicki, náà wà lára àwọn ọmọ 30 náà, nítorí náà ẹ tún lè kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sínú ẹgbẹ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò sẹ́ni tó ń káàánú rẹ̀. Wọn ò sọ ìtàn ìbànújẹ́ kankan lórí rẹ̀. Sunny àti Vinnie ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọmọ yòókù: ó ju èyí dáadáa, èyí kò bọ́ sí i.

Ti ọmọbìnrin wá ńkọ́? Nínú ọmọ 30 yẹn, 15 jẹ́ obìnrin, 15 jẹ́ ọkùnrin. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, pápá kan náà ni. Kiesha Phillips, ọmọbìnrin adúláwọ̀, ga, ó síngbọnlẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín, tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù, ẹ máa wá a lọ. Jocinda Smith, adúláwọ̀ lòun náà, kò sí ohun tí ẹ gbé fún un tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Angela Delvecchio ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì ń fi ẹnu já àwọn alátakò kulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tony wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ wọn pàápàá, ẹ gbọ́ ọ: Khan, Petrovich, Kawaguchi, Lui, Sanchez, Robinson. Bí kíláàsì ilé-ìwé ṣe rí ní Houston tàbí ní Maryland gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí mo ti rí i nínú géèmù eré ìdárayá mìíràn ní 1997.

Ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi tó búra pé òun ò ní yan obìnrin. Ọmọ ilé Yorùbá ni, ọmọ ẹni tí mo mọ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń nà án. Àwọn tó ń bá a gbá ti mọ̀, wọ́n á jẹ́ kó kó gbogbo ọkùnrin tán, àwọn á wá kó Kiesha àti Angela àti Stephanie Morgan. Mi ò bá a sọ ohunkóhun. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tó ń du Stephanie pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun lòun kọ́kọ́ pè é.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé Kenny ń kí i. Kí ó yan Kenny, kó yan Kiesha, kó sì yan orúkọ tó bá wù ú fún ẹgbẹ́ náà, torí ó láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá di kápúténì, ẹ kọ̀wé sí mi pé ta ló kọ́kọ́ yàn.

*

Mo rí géèmù tó ń jẹ́ Backyard Sports: Sandlot Sluggers rà ní ọjà àlòkù fún Xbox 360, torí mo rántí Backyard Football tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbá. Àmọ́ ojú àwọn ọmọ náà ti yàtọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni mi ò rí mọ́. Ta ló ba nǹkan yìí jẹ́?
Ọ̀gbẹ́ni inú òtútù, Chicago

Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dénú, torí ohun tó dun èmi náà ni. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Láti 1996 ni GT Interactive ti ra Humongous, kí baseball tiẹ̀ tó jáde. Owó wọlé, wọ́n sì lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Backyard Football tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín gbá jáde ní 1999, èèyàn márùn-ún márùn-ún. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kó gbajúmọ̀ gidi sí, tí wọ́n sọ wọ́n di ọmọdé: Dan Marino, John Elway, Jerry Rice, Barry Sanders, Brett Favre, gbogbo wọn di ọmọ kékeré orí ńlá tó ń bá Pablo àti Kiesha ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ọgbọ́n tó dára ni. Mi ò ní parọ́, ó dùn mọ́ àwọn ọmọ gan-an, ó sì dùn mọ́ èmi náà. Lẹ́yìn náà ni Backyard Baseball 2001 kó Ken Griffey Jr., Derek Jeter, Sammy Sosa, Randy Johnson àti àwọn míì wọlé. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá gba àṣẹ MLS, líìgì bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n dé ní 2001 pẹ̀lú Kevin Garnett ní iwájú páálí, họ́kì orí yìnyín tẹ̀lé e ní 2002, wọ́n sì tún ṣe ti orí pátákó oníkẹ̀kẹ́ ní 2004.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé gbajúmọ̀ máa ń fẹ̀yìn tì. John Elway àti Barry Sanders, ọdún 1999 yẹn gan-an tí géèmù náà jáde ni wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Pablo kì í fẹ̀yìn tì. Luanne kì í gba ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jẹ́ orúkọ gbajúmọ̀ ni ẹ fi ń ta ọjà, ẹ gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ di tuntun lọ́dọọdún, ẹ gbọ́dọ̀ máa san owó àṣẹ, ẹ̀dà tuntun á máa já lu ẹ̀dà tuntun. Àwọn ọmọ 30 tó jẹ́ ọkàn nǹkan náà ni wọ́n wá ń sún sẹ́yìn láti fi wá àyè.

Lẹ́yìn náà ni ilé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ìparí 1999, Infogrames ti ilẹ̀ Faransé gba àkóso GT Interactive. Ní 2001, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Humongous dúró, àwọn tó mọ bí Pablo ṣe ń rìn àti bí Dante Robinson ṣe ń rojọ́ oúnjẹ. Ní 2003, Infogrames ní Amẹ́ríkà di Atari. Nígbà tó fi di ọ̀rọ̀ PlayStation 2 àti GameCube, àwòrán ọwọ́ ti di ère oníhà mẹ́ta, ojú wọn sì ti ń le. Sandlot Sluggers tí ẹ rà jáde ní 2010. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe àwọn tó bí àwọn ọmọ náà, wọ́n tún wọn yà, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2013, Atari ti Amẹ́ríkà lọ sí ilé-ẹjọ́ pé òun ti wọko gbèsè. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ ta ní gbàǹjo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín ìdílé náà sí méjì: Backyard Sports bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, orúkọ Humongous àti Putt-Putt àti Freddi Fish bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà lábẹ́ òrùlé kan kò jọ gbé mọ́.

Ẹ má sọ Sandlot Sluggers nù, ọmọ lè rí ìgbádùn níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn ọmọ tí ẹ rántí lẹ ń wá, ti àtijọ́ ni kí ẹ wá. Mo sọ ibi tí ẹ ti lè rí i nísàlẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifásitì. Ó wù mí láti ṣe géèmù fún àwọn ọmọdé. Kí ni wọ́n fi kọ Backyard Baseball? Ṣé mo lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀?
Àbúrò yín, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Nǹkan tó pọ̀ wà níbẹ̀ láti kọ́.

Ron Gilbert tí mo dárúkọ lókè, òun àti Chip Morningstar ni wọ́n kọ ètò kan tó ń jẹ́ SCUMM nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Lucas, fún géèmù Maniac Mansion tó jáde ní 1987. Ìtàn ni wọ́n kọ ọ́ fún: ẹni yìí rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ẹni yìí mú kọ́kọ́rọ́, ẹni yìí sọ báyìí. Wọn ò kọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì: apá kan ni àṣẹ tó ń sọ ohun tí kálukú máa ṣe, apá kejì ni ètò kékeré tó ń ka àwọn àṣẹ náà lórí ẹ̀rọ kan pàtó. Tó bá di pé wọ́n fẹ́ gbé géèmù lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, apá kejì nìkan ni wọ́n máa tún kọ. Gilbert gbé ìmọ̀ yìí dání wá sí Humongous, orí rẹ̀ ni Putt-Putt dúró lé, orí rẹ̀ náà sì ni Backyard Baseball dúró lé.

Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún kí èèyàn máa rìn lọ ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù, wọ́n fi gbá a, wọ́n fi hán an. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ náà ti wá. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ń kọ ìtàn fún ọdún márùn-ún kò lè ṣe géèmù bọ́ọ̀lù kí ó má kọ ìtàn sínú rẹ̀. Lọ wo bí Amir Khan ṣe ń tẹ̀ lé Achmed ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri. Lọ wo àwọn ìbejì Webber, Sidney àti Ashley: kápúténì gidi kì í yan ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìbejì kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun nípá ló kọ ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù nìkan.

Nítorí náà, bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, má kọ́kọ́ lọ sídìí àwòrán tó ń dán. Kọ orúkọ ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀. Kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn, ohun tó ń bẹ̀rù, ẹni tó ń bá jà, ohun tó máa sọ tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kà á.

Ó sì dáa kó o mọ̀ pé ilé kan náà yìí, ní 1997 yẹn náà, ni wọ́n ti ṣe Total Annihilation, géèmù ogun àwọn àgbà, lábẹ́ orúkọ mìíràn, Cavedog. Ọwọ́ wọn kò kéré.

*

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí ti àtijọ́ yìí rà? Mo ní sídíì rẹ̀ kan tó ti pẹ́, kọ̀ǹpútà mi tuntun kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Òǹkàwé mẹ́fà ló béèrè èyí ní oríṣiríṣi ọ̀nà

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Playground Productions gba Backyard Sports, àwọn Mega Cat Studios sì bá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Backyard Baseball '97 padà jáde lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àkọ́kọ́ gan-an, pẹ̀lú àwọn ọmọ 30 náà lójú wọn àtijọ́, tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Ó dùn mọ́ mi dọ́kàn pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, èyí tí kò ní gbajúmọ̀ kankan nínú. Backyard Soccer '98 tẹ̀lé e lọ́dún náà, èyí tó ní Griffey àti Jeter nínú sì dé ní 2025. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ohun tí ẹ nílò ni kọ̀ǹpútà Windows, orúkọ ìwọlé lórí Steam tí wọn kì í gbowó fún, àti dátà láti fi fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ lè gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní sídíì àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù rárá. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ScummVM, láti 2001 ló ti wà, àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Iṣẹ́ apá kejì tí mo ṣàlàyé fún àbúrò wa ní Ifẹ̀ ló ń ṣe: ó ń ka àwọn àṣẹ àtijọ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ wá ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ní ojú sídíì, ẹ da gbogbo fáìlì inú rẹ̀ sí fódà kan, ẹ kó o sórí fíláàṣì. Ẹ gbé ScummVM sórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ ṣí i, ẹ tẹ ibi tó ní kí ẹ fi géèmù kún un, ẹ wá fi fódà náà hàn án. Yóò dá géèmù náà mọ̀ fúnra rẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Tí kò bá dá a mọ̀, ẹ wò ó bóyá gbogbo fáìlì ló wọlé, torí sídíì tó ti họ máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe ní yíyípo, kí ẹ tún un dà.